Ìjà Ọwọ́, Ìjà Ẹnu: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún tí mo kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama nígbà náà ni. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n máa túmọ̀ ìròyìn kóòtù láti èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, ìròyìn ẹjọ́ ilẹ̀ kan dé orí tábìlì mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé lọ́yà olùpẹjọ́ àti lọ́yà olùjẹ́jọ́ "contended" fún odidi wákàtí méjì lórí ààlà ilẹ̀. Mo ṣí ìwé atúmọ̀ èdè mi. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí níbẹ̀ ni "jà". N kò kà á dé ìlà kejì. Mo fa bírò yọ, mo kọ àkọlé gàdàgbà: "Lọ́yà Méjì Jà fún Wákàtí Méjì ní Kóòtù Nítorí Ilẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan wọlé sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú ìgò àdí lọ́wọ́. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn lọ́yà náà ni. Ẹnì kan ló ka ìwé ìròyìn wa fún un lábúlé, ló bá wọ mọ́tò wá sí ìgboro. Ó dé ilé ọmọ rẹ̀, kò bá a nílé, ló bá ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ àwọn tó rí ìjà náà.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ibo ló ti ṣèṣe? Ta ló kọ́kọ́ nawọ́ sí èkejì?"

Ọ̀gá mi wò mí. Èmi náà wo ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti fara balẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá pé ẹnu lásán ni àwọn lọ́yà fi jà, ìyá mí kanlẹ̀, ó gbé ìgò àdí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: "Ṣé àwọn Òyìnbó kò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìjà àti iyàn ni?"

Ìbéèrè ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òótọ́ ni, Yorùbá ní ìjà, a sì ní iyàn. Ẹni tó ń jà, ọwọ́ rẹ̀ ni à ń wò. Ẹni tó ń jiyàn, ẹnu rẹ̀ ni à ń wò. Kí ló wá dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi kó méjèèjì sínú "contend" kan ṣoṣo? Mo wádìí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìwádìí náà sì gbé mi dé ni Èkó níbí, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti adé.

Ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá

"Contend" kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Látìn, èdè àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni ó ti wá. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá kí ó tó wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1400 sí 1500. "Contendere" ni àwọn ará Róòmù ń pè é. "Tendere" níbẹ̀ túmọ̀ sí kí ènìyàn na nǹkan, kí ó fà á títí yóò fi le. "Con" tó wà níwájú rẹ̀ ń sọ pé nǹkan papọ̀, tàbí pé a fi gbogbo agbára ṣe é.

Àwọn ẹbí rẹ̀ ṣì wà káàkiri inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Tent", ìyẹn àgọ́, ẹbí rẹ̀ ni, nítorí aṣọ tàbí awọ tí a nà ni àgọ́. "Extend" ni kí a na nǹkan jáde. "Tension" ni lílé tí okùn máa ń le nígbà tí a bá fà á. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́, kì í sì í ṣe ẹnu. Fífà ni. Ẹ fojú inú wo ènìyàn méjì tí wọ́n di okùn kan mú, tí ẹnì kìíní ń fà á síhìn-ín, tí ẹnì kejì ń fà á sọ́hùn-ún. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń fà á, ìjà ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń fà á, iyàn ni. Okùn kan náà ni.

Ẹ má sì rò pé Òyìnbó nìkan ló rí èyí o. Kí ni àwa náà ń pè é nígbà tí ènìyàn méjì bá di nǹkan kan mú tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀? Fà-á-ká-já-a! Bí ẹbí méjì bá ń du oyè, a ní fà-á-ká-já-a ti bẹ̀rẹ̀. Bí lọ́yà méjì bá ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ níwájú adájọ́, a lè ní fà-á-ká-já-a ni. Ká ní mo rántí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni, ìyá àgbà ì bá má náwó mọ́tò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó jọ ọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń gbé fún un, ìyẹn "content", tó túmọ̀ sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ohun tó ní tó o. Ilé tiwọn ò pọ̀ rárá. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn mìíràn, tó túmọ̀ sí kí a di nǹkan mú pọ̀, ni èyí ti wá. Ọmọ ilé ìwé tó bá kọ "d" síbi tí "t" yẹ kó wà ti sọ ìtẹ́lọ́rùn di ìjà.

Àwọn tí ń bá a rìn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí "contend" ń sọ, ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e. Bí "with" tàbí "against" bá tẹ̀ lé e, a ń bá ẹnì kan tàbí nǹkan kan wọ̀yá ìjà. Ó lè jẹ́ ọ̀tá, ó lè jẹ́ òjò, ó lè jẹ́ àìlówó lọ́wọ́. Bí "for" bá tẹ̀ lé e, a ń du nǹkan ni, bí ẹni ń du oyè tàbí ipò. Bí "that" bá tẹ̀ lé e, ìjà ọwọ́ ti parí pátápátá. Ẹnu ló kù. Ẹni náà ń tẹnu mọ́ ọn, ó takú pé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí.

Ti "that" yìí ló ń kó àwa oníwèé ìròyìn sí wàhálà jù. Bí lọ́yà bá "contend that" oníbàárà òun kò jalè, kò túmọ̀ sí pé ẹni náà kò jalè. Kò sì túmọ̀ sí pé ó jalè. Ohun tí lọ́yà dì mú nìyẹn, okùn ṣì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Àwọn tó ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 yóò rántí Ìwé Júúdà. Orí kan péré ni ìwé náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa yìí wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹsẹ 3, ó gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú lórí ìgbàgbọ́ wọn. Ní ẹsẹ 9, Máíkẹ́lì olórí àwọn áńgẹ́lì àti Èṣù ń fa òkú Mósè mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú Bíbélì Yorùbá, "jà" ni àwọn baba wa lò fún ti ẹsẹ 3. Ṣùgbọ́n ní Jeremáyà orí 12, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti lo "contend" fún ẹni tó fẹ́ bá ẹṣin sáré, "díje" ni wọ́n lò. Wọn kò ṣe bíi tèmi. Wọ́n wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ Bíbélì yẹn ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jáde láti ọdún 1843. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn. A óò tún pàdé ìdílé rẹ̀ níwájú.

Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn náà mọ ọmọ ọ̀rọ̀ yìí, "contender". Ẹni tó di bẹ́líìtì mú kọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ní October 1962, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, lọ bá Gene Fullmer ní San Francisco, ó sì gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Ní February 1963, wọ́n tún kàn án ní Las Vegas, wọ́n ta ọ̀mì. Nígbà tó di ọjọ́ 10 August 1963, Fullmer wá sí Ìbàdàn, ní pápá ìṣeré Liberty. Lọ́jọ́ yẹn, òun ló di ẹni tó ń wá bẹ́líìtì. Lẹ́yìn ìpele keje, kò lè dìde mọ́. Okùn kan náà ni. Ọwọ́ tó dì í mú ló yí padà.

Nígbà tí Èkó fi ọwọ́ fà á

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo bí okùn yìí ṣe rí nígbà tí ilẹ̀ àti adé gan-an wà lórí rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà Èkó. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú, kí àwọn sì dá Ọba Akíntóyè padà sórí ìtẹ́. Kòsọ́kọ́ tó wà lórí ìtẹ́ kò gbà. Ní November, àwọn ará Èkó lé wọn padà. Ní December, wọ́n tún padà dé pẹ̀lú agbára tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìbọn ńlá dún lé ìlú lórí, ilé jó, Kòsọ́kọ́ sì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Dídún àwọn ìbọn yẹn ni àwọn àgbà Èkó fi sọ ogun náà ní Ogun Àgídìǹgbì.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 6 August 1861, Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akíntóyè, fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó fún Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun wà lójú omi, ẹnu ìbọn sì kọjú sí ìlú. Kí ni ọba fẹ́ ṣe? Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

Bí ìjà bá parí síbi tí ọwọ́ ti rọ ni, ìtàn Èkó ì bá ti parí síbẹ̀.

Nígbà tí Èkó fi ẹnu fà á

Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti ọdún 1903 ṣe fún wọn láyè. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀ ní Èkó. Òfin sọ pé ìjọba yóò san owó gbà-máà-bínú. Fún ta ni? Lórí kí sì ni? Ibi tí okùn ti le nìyẹn.

Ìjọba takú pé ilẹ̀ kì í ṣe ti Olúwa. Wọ́n ní agbára àtimójútó ilẹ̀ àti àtigba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ló ní, nítorí náà owó ìyẹn nìkan ló tọ́ sí i. Wọ́n tún mú ìwé Dòsùnmú jáde pé ó ti gbé ilẹ̀ fún Ọbabìnrin láti 1861. Olúwa náà takú pé ilẹ̀ jẹ́ ti òun àti àwọn ènìyàn òun lápapọ̀. Adájọ́ àgbà ní Èkó dá ìjọba láre. Ilé ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e náà dá ìjọba láre.

Ní ọdún 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbé ẹjọ́ náà dé iwájú Privy Council, tó jẹ́ kóòtù tó ga jù lọ fún àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ẹni tó bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbifọ̀ rẹ̀ ni Herbert Macaulay. Kì í ṣe lọ́yà. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ló kọ́ nílùú Òyìnbó. Ta sì ni Macaulay? Ọmọ-ọmọ Àjàyí Crowther ni. Bàbá àgbà fi ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ko ara wọn lójú nínú ìwé ní 1843. Ọmọ-ọmọ wá gbé èdè méjèèjì lọ sí kóòtù. Ẹni tó bá ti ná owó náírà kan oníwèé tó jáde ní 1979 ti rí àwòrán rẹ̀.

Ní July 1921, Privy Council dá Olúwa láre. Adájọ́ tó ka ìdájọ́ náà ni Lord Haldane. Ó ní bí ọba kan bá tilẹ̀ gbé ìlú fún ìjọba mìíràn, a gbọ́dọ̀ gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ohun ìní wọn ṣì wà níbẹ̀. Ó ní owó gbogbo ilẹ̀ náà ni kí wọ́n ṣírò fún Olúwa lórúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀, kì í ṣe owó ìṣákọ́lẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí Haldane sọ ló mú mi rántí ìyá oníàdí. Ó kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé ènìyàn máa ń gbé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn bí ẹ̀wù láìfura. Ẹ gbọ́ ná, ṣebí àṣìṣe tèmi gan-an nìyẹn! Àwọn adájọ́ tí wọ́n wà ní Èkó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jọ ipò Olúwa, wọ́n rí ọ̀kan tó sún mọ́ ọn, èyí tí àwọn Òyìnbó ń lò fún olówó ilẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Wọn kò kà á dé ìlà kejì. Tèmi kó ìyá arúgbó sínú mọ́tò. Tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ odidi ìdílé.

Elékòó kọ̀, kò fi okùn sílẹ̀

Ìrìn àjò Lọ́ńdọ̀nù yẹn tún dá fà-á-ká-já-a mìíràn sílẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó wà lọ́wọ́ Macaulay níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn níbẹ̀ pé Elékòó ni olórí àwọn ènìyàn Nàìjíríà tó tó mílíọ̀nù 17. Inú bí ìjọba Èkó. Wọ́n ní kí Elékòó rán alágogo káàkiri ìlú láti kọ ọ̀rọ̀ Macaulay sílẹ̀. Elékòó kò rán an. Ní December 1920, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́, wọ́n sì gé owó rẹ̀. Ní 1925, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Ẹ kíyè sí i pé ìlú kò gbé ìbọn. Wọ́n ti rí bí ti 1851 ṣe parí. Kóòtù ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n dá wọn lẹ́jọ́ ní Èkó, wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dá wọn padà sí Èkó, wọ́n tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní March 1931, Lord Atkin ka ìdájọ́ Privy Council pé ìjọba kò lè gba òmìnira ẹnikẹ́ni kí ó sì dákẹ́. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun láṣẹ ohun tí òun ṣe. Ó ní kí ilé ẹjọ́ Èkó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Kó tó di pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tán, ìjọba Gómìnà Donald Cameron ti wá ojútùú sí i. Elékòó padà wálé ní ọdún 1931 kan náà, ó sì kú ní ilé rẹ̀ ní 1932.

Láti 1851 sí 1931, ọgọ́rin ọdún ni. Láàárín ọgọ́rin ọdún yẹn, Èkó ti gbé inú yàrá méjèèjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ "contend". Yàrá ọwọ́ gba ilé, ó gba ẹ̀mí, ìlú sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Yàrá ẹnu pẹ́, ó náni lówó, ó sì gba sùúrù ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Àpápá rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, ọba sì padà sílé. N kò sọ pé ẹnu máa ń borí ìbọn nígbà gbogbo o. Ìjọba tí wọ́n bá ṣẹjọ́ ló ni kóòtù náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rọ kò tíì fi okùn sílẹ̀ bí ó bá ṣì mọ orúkọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀, tó sì lè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Wọ́n sì tún ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá àgbà wà níbẹ̀. Òyìnbó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìjà àti iyàn. Àwa náà sì mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, kí ìyá tó jáde ní ọ́fíìsì wa, ó bèèrè bí ẹjọ́ ilẹ̀ náà ṣe rí. A ní adájọ́ kò tíì dá a. Ó gbé ìgò àdí rẹ̀ padà sínú báàgì. "Ó dáa," ó ní. "N óò tọ́jú àdí mi. Bí wọn kò bá tíì dá a, ìjà ò tíì parí nìyẹn."